OMI TÍ Ó YÍ WA KÁ: ÌTÀN OMI MÍMU ÀTI OMI Ọ̀GBÌN NÍ ṢÓMÓLÚ ÀTI BÀRÍGÀ



Àwọn àgbà a máa wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ wọn, nítorí kò sí ọba, kò sí ìwọ̀fà, kò sí olówó, kò sí tálákà, tí ó lè wí pé òun kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú omi. Ṣùgbọ́n omi tí kò ní ọ̀tá lè gbé ọ̀tá sínú, kí ó sì gbé e wọ ilé ẹni láìjẹ́ pé ojú rí i. Nítorí náà ni a fi rò pé ó tọ́ láti sọ ìtàn omi agbègbè wa fún yín: ibi tí àwọn tí ó ṣáájú wa ti ń rí i, bí omi ẹ̀rọ ti dé Èkó tí kò sì tètè dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí ó wà nínú ọ̀sà àti nínú kánáà wa, àti bí àwọn onímọ̀ ti ń wádìí omi kí wọ́n tó wí pé ó yẹ fún mímu tàbí fún bíbomi rin ọ̀gbìn.

Bí ènìyàn bá dúró ní Bàrígà tí ó kọjú sí ìlà oòrùn, omi ni yóò rí títí dé ibi tí ojú rẹ̀ mọ. Bí ó bá yí ẹ̀yìn padà, àwọn tí ń ti ọmọlanke omi nínú kẹ́ẹ̀gì, tí a ń pè ní mẹ́ruwà, ni yóò rí, àti àwọn ọmọdé tí ń ra omi inú ọ̀rá. Báwo ni ó ṣe di pé ẹni tí omi yí ká ni ó ń fi owó ra omi mu? Ìbéèrè yìí ni àkọsílẹ̀ wa yóò gbìyànjú láti dáhùn.

OMI ṢÁÁJÚ Ẹ̀RỌ

Kí ilé tó kún Ṣómólú àti Bàrígà bí ó ti kún lónìí, ilẹ̀ oko àti àbàtà ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn Àwórì ni onílẹ̀ ní ìhà yìí. Ní etí ọ̀sà, àwọn apẹja Ìlàjẹ tí wọ́n ti etíkun ilẹ̀ Oǹdó wá, àti àwọn Ẹ̀gùn tí wọ́n ti ìhà Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ wá, ni wọ́n kọ́ ilé wọn. Omi òjò, omi kànga àti omi odò kéékèèké ni gbogbo wọn ń mu. Ọ̀sà jẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ àti ibi ìpẹja. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó ṣeé mu.

Àwọn baba wa mọ omi yàtọ̀ sí omi. Ojú ni wọ́n fi ń mọ omi tí ó dàrú, imú ni wọ́n fi ń mọ omi tí ó ti bàjẹ́, ahọ́n sì ni wọ́n fi ń mọ omi oníyọ̀. Wọ́n ń jẹ́ kí omi silẹ̀ nínú ìkòkò títí yóò fi tòrò, wọ́n sì ń fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí lè wálẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí a fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú, imú àti ahọ́n kò lè mọ̀.

Ní ọdún 1854, àrùn onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àdúgbò kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Dókítà John Snow kọ ibi tí olúkúlùkù òkú ń gbé sílẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pọn omi. Omi náà kò dàrú, kò sì rùn. Àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Snow bẹ àwọn aláṣẹ títí wọ́n fi yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò. Ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní 1883 àti 1884, Robert Koch, ará Jámánì, fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá rí kòkòrò tí ń fa àrùn náà. Láti ìgbà náà ni ayé ti mọ̀ pé omi tí ó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú.

OMI ÌJÚ ÀTI ÌJÀ OWÓ OMI

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, kànga àti omi òjò ni Èkó gbójú lé. Nígbà tí Sir Walter Egerton jẹ́ Gómìnà, láti 1904 sí 1912, ìjọba pinnu láti fa omi láti odò Ìjú, ní òkè Agége, gba inú ọ̀pá wá sí erékùṣù Èkó. Wọ́n sì wí pé àwọn ará ìlú ni yóò san owó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó omi yìí dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ní 1908, àwọn ará Èkó tú jáde láti fi ẹ̀hónú hàn, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísadípẹ̀ Ọbasá sì dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti kọ owó náà. Ohun tí àwọn àgbà ìlú ń wí ni pé kànga àwọn tó àwọn, pé àwọn òyìnbó ni ó nílò omi náà jù, àti pé kò tọ́ kí a bu owó lé ènìyàn lórí láìgba ìmọ̀ràn rẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìjú ní 1910, Sir Frederick Lugard sì ṣí ilé iṣẹ́ omi náà ní 1915. Gálọ́ọ̀nù 2,420,000 ni ó lè fi ránṣẹ́ lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba owó omi ní 1916, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀. Ọba Èṣùgbàyí Elékòó dúró ti àwọn ènìyàn rẹ̀, orúkọ Herbert Macaulay sì túbọ̀ tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tí ń bá ìjọba wí.

Ó dára kí ọmọ Èkó mọ ìtàn yìí, nítorí inú ìjà omi ni ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ìṣèlú wa ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan. Ìjà nípa owó àti nípa ẹ̀tọ́ ni. Ohun tí ó wà nínú omi kànga tí a fẹ́ máa mu lọ kọ́ ni a jókòó lé lórí. Ní ọdún 1908 kan náà tí Èkó ń jà, ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí fi chlorine sínú omi tí gbogbo ará ìlú ń mu láti pa kòkòrò inú rẹ̀, èyí sì di àpẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ ìlú lẹ́yìn náà. Ìlú kan ń bi ara rẹ̀ pé ta ni yóò san owó; èkejì ń bi ara rẹ̀ pé kí ni ó wà nínú rẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì ni ó yẹ kí ìlú máa bi ara rẹ̀ pọ̀.

ÀÀLÀ TÍ Ó PÍN OMI

Omi Ìjú gba orí ilẹ̀ kọjá kí ó tó dé erékùṣù. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pé ẹni tí omi gba ìhà ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá kọ́ ni ó kọ́kọ́ mu ún.

Ní 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928, láti tún ìlú ṣe àti láti la àdúgbò tuntun. Yábàá àti Èbúté Mẹ́ta gbòòrò. Láti 1955, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé lọ sí Surùlérè. Àwọn tí owó wọn kò ká ilé ìjọba, àti àwọn àlejò tí ń ti òkè wá wá iṣẹ́ ṣe, wá ilé olówó pọ́ọ́kú lọ sí Múṣin, Ṣómólú, Bàrígà àti Ajégúnlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dójú rú nìyí. Nígbà tí Èkó di ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní 1954, Ṣómólú àti Bàrígà kò sí nínú ààlà rẹ̀. Abẹ́ Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí olú rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, ni a wà. Ìgbìmọ̀ Èkó kò lè ná owó rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ wa, Ìbàdàn sì jìnnà. Ènìyàn lè jí ní Ṣómólú, kí ó lọ ṣiṣẹ́ ní Màrínà, kí ó sì padà sùn ní ìjọba mìíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wúlò fún Èkó, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ka àwọn tí ó yẹ kí ẹ̀rọ omi dé ọ̀dọ̀ wọn, òde ìwé ni orúkọ rẹ̀ wà. Ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni a tó bọ́ sábẹ́ ìjọba kan pẹ̀lú erékùṣù.

Ní gbogbo àkókò yìí, ènìyàn ń pọ̀ sí i. CMS Grammar School, tí a dá sílẹ̀ ní 1859, kó wá sí Bàrígà ní 1959. Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962, ó sì fi etí ọ̀sà ní Akọkà ṣe ibùjókòó. Àwọn òǹtẹ̀wé sọ Ṣómólú di ìlú tí gbogbo orílẹ̀-èdè mọ̀. Ilé ń fara kan ilé, ṣaláńgá ń súnmọ́ kànga. Ìjọba kò jókòó lásán: wọ́n mú ilé iṣẹ́ Ìjú tóbi sí i títí ó fi lè pèsè gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 45 lójúmọ́, wọ́n sì ṣí ti Àdíyàn, tí ń fa omi odò Ògùn, ní 1991, fún gálọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 70. Ṣùgbọ́n ohun tí ilé iṣẹ́ lè ṣe nígbà tí iná bá wà àti ohun tí ó dé ẹnu ẹ̀rọ ní òpópónà wa kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní 2006, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ àtúnṣe ní Èkó, Bàrígà àti Ìlàjẹ sì wà nínú àdúgbò mẹ́sàn-án tí a kà mọ́ àwọn tí ó nílò ìrànlọ́wọ́ jù. Síbẹ̀, kànga ẹ̀rọ, mẹ́ruwà àti omi inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ ilé gbójú lé títí di òní.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ Ọ̀SÀ ÀTI KÁNÁÀ

Ọ̀sà Èkó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 208 níbùú lóròó. Kò jìn: ní ọ̀pọ̀ ibi, kò ju ìwọ̀n mítà kan àti ààbọ̀ lọ, àfi ibi tí a ti gbẹ́ fún ọkọ̀. Odò Ògùn àti àwọn odò mìíràn ń tú omi dídùn sínú rẹ̀ láti òkè, òkun sì ń ti omi iyọ̀ wọ inú rẹ̀ láti ẹnu èbúté.

Ọ̀jọ̀gbọ́n J. E. Webb àti M. B. Hill, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní University College, Ìbàdàn, tẹ ìwádìí wọn lórí ọ̀sà yìí jáde ní 1958 nínú ìwé ẹgbẹ́ Royal Society ti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí àwọn apẹja wa ti mọ̀ láti ìran dé ìran ni wọ́n fi òṣùwọ̀n sọ: ní àkókò òjò, omi odò a lé iyọ̀ padà sẹ́yìn, ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, òkun a tún wọlé, iyọ̀ a sì pọ̀. Láti ìgbà náà, àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé wọn, ti ń bu omi rẹ̀ yẹ̀wò lọ́pọ̀ ìgbà.

Iyọ̀ ti wà níbẹ̀ kí a tó dé. Àwa ènìyàn ni a fi ìyókù kún un. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀gbin tí àwọn agbépòó, àti lẹ́yìn wọn àwọn ọkọ̀ akẹ́gbin, ń kó jọ fi ń di dídà sínú ọ̀sà ní Ìdó. Àwọn ilé pákó ní Òkóbàbá, ní Èbúté Mẹ́ta, da ìyẹ̀ igi sí etí omi títí ó fi di òkè. Bí ìyẹ̀ igi bá sì ń jẹrà nínú omi, a máa gba èémí tí ẹja ìbá fi yè. Ní tiwa, ìdọ̀tí ni àwọn kan fi ń kún àbàtà kí wọ́n lè rí ilẹ̀ kọ́lé sí. Kánáà tí ó yẹ kí ó gbé omi òjò lọ sí ọ̀sà ń gbé omi ìwẹ̀, òróró mọ́tò, ọ̀rá àti ìgbọ̀nsẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gba orí afárá Third Mainland kọjá, èyí tí a parí ní 1990 níwájú ilẹ̀ wa gan-an, lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

BÍ A TI Ń MỌ OMI TÍ Ó YẸ FÚN MÍMU

Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ gbé ìlànà omi mímu fún gbogbo ayé jáde ní 1958. Orílẹ̀-èdè wa náà ní tirẹ̀, tí àjọ Standards Organisation of Nigeria gbé jáde ní 2007 tí a sì tún ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ jẹ́ kí a túmọ̀ ohun pàtàkì inú rẹ̀ fún ẹni tí kò kọ́ ìmọ̀ náà.

Èkíní ni kòkòrò ìgbọ̀nsẹ̀ tí a ń pè ní E. coli. Inú ìfun ènìyàn àti ẹranko ni ibùgbé rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí ni: bí a bá rí i nínú omi, a mọ̀ pé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dé ibẹ̀, ohunkóhun tí ó bá ìgbọ̀nsẹ̀ rìn sì lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú, ìbáà ṣe ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ìgbẹ́ ọ̀rìn tàbí onígbáméjì. Òfin kò gba ẹyọ kan ṣoṣo láàyè nínú mìlílítà 100 omi mímu.

Èkejì ni bí omi ti kan tó, èyí tí a ń kọ ní pH. Òṣùwọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí 6.5, kò sì gbọdọ̀ ju 8.5 lọ. Omi tí ó bá kan jù a máa jẹ irin ọ̀pá, a sì máa kó o wá sínú ife ẹni.

Ẹ̀kẹta ni nitrate, tí ó sábà máa ń ti inú ṣaláńgá àti ìdọ̀tí wọ kànga. Mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni òpin rẹ̀; bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí a ń fi omi po oúnjẹ fún, nítorí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbé èémí bí ó ti yẹ.

Ẹ̀kẹrin ni àwọn irin olóró. Òjé, tí ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan.

Ẹ̀karùn-ún ni iyọ̀. A ń fi bí iná mànàmáná ti ń gba inú omi kọjá wọ̀n ọ́n, nítorí bí iyọ̀ bá ti pọ̀ tó ni iná ń rí ọ̀nà kọjá tó. Òpin tí òfin wa fi sí i fún omi mímu jẹ́ 1,000 ní òṣùwọ̀n tí a ń kọ ní µS/cm.

Nínú márààrún yìí, ẹ̀karùn-ún nìkan ni ahọ́n lè mọ̀ dáadáa. Kànga tí ó dùn lẹ́nu ṣùgbọ́n tí ṣaláńgá wà ní ìdí rẹ̀ kò ṣeé fọkàn tán. Mítà 30 ni a sábà máa ń wí pé kí ó wà láàárín wọn, ta ni ó sì rí mítà 30 ní àgbàlá ilé kan ní Bàrígà? Ẹ jẹ́ kí a sì mọ ohun tí síse lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Bí omi bá hó yaya lórí iná, kòkòrò inú rẹ̀ yóò kú. Ṣùgbọ́n iyọ̀, nitrate àti òjé kì í bá ooru lọ. Bí omi ti ń fà lórí iná ni wọ́n ń ki sí i. Àyẹ̀wò nìkan ni ó lè sọ fún wa irú ọ̀tá tí a ní, kí a tó mọ irú ohun ìjà tí ó yẹ.

OMI TÍ Ó YẸ FÚN Ọ̀GBÌN

Àwọn kan lè wí pé àwa kì í ṣe àgbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n a ń jẹ ẹ̀fọ́. Ní Èkó, ní etí pópó àti ní etí kánáà, níbi tí ilẹ̀ kékeré bá ṣẹ́ kù, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ṣọkọ ni a ń gbìn, omi tí ó bá súnmọ́ ni a sì ń bù wọ́n. Ẹ̀fọ́ yìí ni ó ń dé ọjà wa ní òwúrọ̀.

Omi ọ̀gbìn ní ìdánwò tirẹ̀. Ní 1954, ilé ìwádìí iyọ̀ ti ìjọba Amẹ́ríkà ní Riverside, ní California, tẹ ìwé kan jáde tí gbogbo ayé sì ń lò títí di òní. Wọ́n ṣàlàyé pé ohun méjì ni iyọ̀ ń ṣe fún oko. Àkọ́kọ́, bí iyọ̀ bá pọ̀ nínú ilẹ̀, gbòǹgbò kò lè fa omi mu. Irúgbìn a wà nínú omi, òùngbẹ a sì máa gbẹ ẹ́. Èkejì, bí sodium bá pọ̀ ju calcium àti magnesium lọ nínú omi, ilẹ̀ amọ̀ a fọ́ sí wẹ́wẹ́, ojú ilẹ̀ a dì, omi kò sì ní lè wọlé mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kì í fi ka iye sodium nìkan, àfi kí wọ́n fi wé àwọn méjì yòókù.

Àjọ Oúnjẹ àti Iṣẹ́ Àgbẹ̀ Àgbáyé, FAO, gbé ìlànà tirẹ̀ jáde ní 1976, ó sì tún un ṣe ní 1985. Nínú òṣùwọ̀n dS/m, tí ẹyọ kan rẹ̀ jẹ́ 1,000 µS/cm, omi tí kò bá tó 0.7 dára fún oko, láti 0.7 sí 3.0 gba ìṣọ́ra. Èyí tí ó bá ju 3.0 lọ léwu fún ọ̀pọ̀ irúgbìn. Omi òkun tó nǹkan bí 50. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: bí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá omi ọ̀sà bá jẹ́ omi òkun ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ti tó nǹkan bí 5. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ní oṣù tí ọ̀gbìn ń fẹ́ omi jù lọ gan-an ni omi ọ̀sà kò wúlò fún un. Ní àkókò òjò tí iyọ̀ rẹ̀ dínkù, òjò fúnra rẹ̀ ń bomi rin oko, kò sí ẹni tí yóò lọ bu ọ̀sà.

Omi kánáà kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nsẹ̀ àti irin olóró ni ẹ̀rù rẹ̀. Ewé tí a bù ní irú omi bẹ́ẹ̀ a máa gbé kòkòrò náà wọ ilé ìdáná. Bí a bá sè é, ó sàn. Bí a bá jẹ ẹ́ ní tútù, ohun tí ó wà nínú kánáà ni a jẹ.

Ẹ̀KỌ́ ONÍGBÁMÉJÌ

Àjàkálẹ̀ onígbáméjì keje, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Indonesia ní 1961, dé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní 1970, ó sì wọ Nàìjíríà ní ìparí ọdún náà. Ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ láti ìgbà náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ó tún jà ní Èkó, ó sì pa ènìyàn. Ọgọ́fà ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá láti ìgbà tí Koch ti rí kòkòrò náà, ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ti kọjá láti ìgbà tí omi Ìjú ti dé erékùṣù. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó ń pa wá mọ́. Ohun tí ó ń pa wá ni pé a kì í wo omi wa títí àrùn yóò fi bá wa wò ó.

IṢẸ́ TÍ Ó KÙ

Ẹ̀yin ará, ìtàn tí a sọ yìí ní ẹ̀kọ́ kan. Nígbà tí a wà lóde ààlà, omi kò dé ọ̀dọ̀ wa nítorí a kò sí nínú ìwé. Lónìí a wà nínú ìwé ìjọba, ṣùgbọ́n omi wa fúnra rẹ̀ kò tíì sí nínú ìwé kankan tí ó jẹ́ tiwa. Bí a bá lọ sọ́dọ̀ aláṣẹ tí a ní omi wa kò dára, yóò bi wá pé kí ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó ní àkọsílẹ̀ ní ẹnu.

Nítorí náà a dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ yan ibi mélòó kan tí a ó máa bu omi yẹ̀wò: etí ọ̀sà kan, ẹnu kánáà kan, kànga kan ní Ṣómólú àti kan ní Bàrígà, kànga ẹ̀rọ kan tí àwọn mẹ́ruwà ti ń pọn, àti ẹnu ẹ̀rọ ìjọba níbi tí ó bá ti ń yọ. Kí a máa bù ú lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù kejì tí ẹ̀ẹ̀rùn múná, lẹ́ẹ̀kan ní oṣù keje tí òjò ti kún ilẹ̀, nítorí omi tí a wò ní ìgbà kan kò lè jẹ́rìí fún ìgbà kejì. Kí a gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò tí ìjọba fi àṣẹ sí, nínú ìgò tí a ti sè tàbí tí ilé àyẹ̀wò náà fún wa, kí ó sì débẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an lórí yìnyín, kí kòkòrò má baà pọ̀ sí i tàbí kí ó kú ní ọ̀nà. Kí a kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀, rere tàbí búburú, kí a sì máa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí lọ́dọọdún kí gbogbo ọmọ ìlú lè kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi, owó tí àyẹ̀wò yìí yóò ná wà lára ohun tí ọwọ́ yín lè ká bí ẹ bá pa á pọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ilé ìwé wa, àwọn ọmọ yín lè jẹ́ ẹni tí yóò máa bu omi náà, kí wọ́n sì kọ́ ìmọ̀ lára rẹ̀. Ẹ̀yin onílé, ẹ jẹ́ kí a bo kànga wa, kí a sì mọ ibi tí a ó gbẹ́ ṣaláńgá sí. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ máa bi àwọn tí ẹ ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ wọn léèrè omi tí wọ́n fi bù ú.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ṣùgbọ́n irú omi tí a dà síwájú ni yóò sọ irú ilẹ̀ tí àwọn ọmọ wa yóò tẹ̀. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí omi tù wá lára, kí ó má ṣe gbé wa lọ.